Ìyá Rúkà Kò Jẹun Ọ̀sán

Kí n má parọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni Kumasi fi dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹrin, mo kúnlẹ̀ kí bàbá arúgbó kan ní kílíníìkì bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni gbogbo àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà fò dìde. "Sɔre, sɔre!" ló ń sọ, ó ń fà mí lápá sókè, ojú ń tì í. Ó rò pé mo ti fún òun lábẹ́rẹ́ tí kò yẹ ni, tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan ló ṣàlàyé fún un pé Alátà ni mí, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ orúnkún díẹ̀ tí mo bá ń kíni. Mi ò kúnlẹ̀ délẹ̀, mi ò sì dúró ṣánṣán. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣe ìlàjì ìkúnlẹ̀ yìí, ẹ̀yìn sì máa ń dùn mí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti ṣe nọ́ọ̀sì nílé fún ọdún mẹ́sàn-án, ọkọ mi sì ti gbé ìyàwó mìíràn wọlé nítorí pé mi ò bímọ. Kì í ṣe òun ló lé mi kúrò nílùú. Àwọn tó ń kí mi ló lé mi. "Ẹ kú ìrọ́jú o." "Ọlọ́run á ṣe é." Lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa wò mí bí ẹni ń wo ilé tó jóná. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan, dókítà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi, ń wá nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Yorùbá dénú fún kílíníìkì rẹ̀ nítòsí Sawaba, àdúgbò tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, mi ò tilẹ̀ béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Mo di ẹrù mi.

Santasi ni mo gba yàrá sí. Onílé mi, obìnrin Àṣáńtì kan, ti ta aṣọ ní Mushin fún ọdún mẹ́fà kí ìjọba Nàìjíríà tó lé àwọn ará Ghana. Ó gbọ́ Yorùbá. Mo mọ̀ nítorí pé mo ká a mọ́ ibi tó ti ń bá ewúrẹ́ kan jà tó jẹ gbágùúdá rẹ̀. "Orí ẹ ò pé!" ló kígbe mọ́ ewúrẹ́ náà, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Ẹ gbà mí! Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ewúrẹ́ yẹn. Mo sáré bọ́ síwájú rẹ̀, mo ní, "Háà, Màmá, ẹ gbọ́ Yorùbá!" Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó fi Twi dá mi lóhùn, ó sì wọlé. Kò sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo sí mi títí mo fi kúrò nílé rẹ̀.

Mi ò bínú sí i, mo mọ ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó sàn kéèyàn wà láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá ju kó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri tó gbọ́ ọ, tí kò sì ní dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá. Mo máa ń sọ pé, "Ó dára, kí la máa sè?" Mo sì máa ń dúró díẹ̀, bóyá ògiri á fèsì.

Iṣẹ́ ni mo rọ̀ mọ́. Àìsàn tí mo ń rí ṣáá ní kílíníìkì wa ni àyà títa. Ẹnikẹ́ni tí àyà bá ti ń ta á máa sọ pé ọ́sà, ìyẹn ọgbẹ́ inú, ló ń ṣe òun, torí pé ọ́sà ló ń ṣe gbogbo ará àdúgbò. Dókítà wa, tí Yorùbá rẹ̀ máa ń já sí Twi láàárín gbólóhùn, máa ń sọ pé, "Sister, kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ọgbẹ́ inú. Omi kíkan ló ń ṣẹ́rí padà láti ikùn, tó ń gòkè wá sí ọ̀fun. Ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀fun àti ikùn ni kò pa dé mọ́. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà."

Oògùn wà fún un. Omi funfun kan wà tí wọ́n ń mì pọ̀ dáadáa kí wọ́n tó mu ún, tó dà bí ẹfun tí wọ́n pò. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní símẹ́tídìn náà wà fún ẹni tí tirẹ̀ bá le. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ má tíì dùbúlẹ̀, ó kéré tán kí wákàtí mẹ́ta kọjá. Ẹ ki búlọ́ọ̀kù méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí, kí orí ga ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ má fi ìró di ikùn pinpin. Ẹ dín ata kù, ẹ fi obì sílẹ̀. Ẹ lọ sọ fún ọmọ Àṣáńtì pé kó má jẹ fùfú alẹ́, kí ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí fún mi! Bí wọ́n bá sì jí, kókó gbígbóná, ògì tiwọn, tí atalẹ̀ àti ata ti kún inú rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣínu. Awakọ̀ kan bi mí pé bí òun bá pa gbogbo òfin yìí mọ́, kí ni òun tún wà láyé fún. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Rúkà ti gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan dé láti Ògbómọ̀ṣọ́; bó ṣe wọlé wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sọ̀rọ̀ àìsàn. Ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ délẹ̀ ni lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo dárúkọ agbo ilé wa. Ó pàtẹ́wọ́. "Kai! Àwọn tó ní igi ọsàn lójúde? A máa ń ká ọsàn yín jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá kan báyìí máa ń fi ọ̀pá lé wa."

"Bàbá àgbà mi nìyẹn, Màmá."

"Ó burú paa, bàbá yẹn." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n fi í fọ́kọ wá sí Kumasi. Ó ti lé lọ́gọ́ta nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Rúkà ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà nílé ọkọ ní Accra. Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ló ń tà ní ọjà Asafo. Yorùbá rẹ̀ dàgbà ju tèmi lọ, irú èyí tí ìyá ìyá mi máa ń sọ, tí mo ti rò pé ó ti bá a wọ ilẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé Twi àti Hausa máa ń yọjú láàárín rẹ̀ ni.

Ó wá sọ ohun tó ń ṣe é. "Àyà ń ta mí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, omi kíkan á rú wá sí mi lọ́fun. Á máa jó mi."

Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ti ro ti ọjà rẹ̀. Mo rí i lọ́kàn mi tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ àtẹ bọ́tìnnì látàárọ̀ dalẹ́. Mo ní kó wá tábìlì gíga kan, kó kó ọjà rẹ̀ sórí rẹ̀, kó yé bẹ̀rẹ̀. Mo ka gbogbo òfin tó kù fún un, ó ń mi orí, ó ń sọ pé, "Tó, tó, mo ti gbọ́." Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ra tábìlì. Inú mi dùn sí ara mi gan-an.

Ìdajì ọjọ́ ni mo máa ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí mo bá kúrò ní kílíníìkì, ilé rẹ̀ ní Sawaba ni mo ń gbà lọ. Mo máa ń sọ pé aláìsàn mi ni mo lọ wò. Irọ́ ni. Mo ń lọ kí ẹnì kan lè bú mi ní Yorùbá ni. Ìyá Rúkà á wò mí látòkè délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ta ló ṣe irú irun yìí fún ọ, ṣé ó ń bínú ni?" Á ní mo ń rìn bí ọlọ́pàá. Á ní bí mo ṣe ń fi ṣíbí jẹ ìrẹsì, ebi ò lè tán lára mi láéláé. Mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀, ara á tù mí. Bí mo bá fẹ́ lọ, á ní, "Ọmọ mi, ó dìgbà." Bí mo ṣe ń wọ trotro padà sí Santasi, mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, kí ohùn yẹn má baà kúrò létí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé ìparí oṣù, mo máa ń lọ sí ilé tí wọ́n ti ń pe fóònù ní Asafo. Ìyá mi á ti wà nílé tíṣà àgbà kan tó ní fóònù ládùúgbò wa, á ti máa dúró. Nígbà kan ó bi mí pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Mo ti ní ìyá kan níbí."

Fóònù ń hó ṣáá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá wo?"

Mo sọ ti Ìyá Rúkà fún un, pé ọmọ ìlú wa ni, pé aláìsàn mi ni. Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ó tún ní, "Kí Ọlọ́run wò ó sàn." Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Ó ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti lọ pé ìgbà wo ni mo ń bọ̀ wálé, mo sì ti ń sọ fún un láti ọjọ́ náà pé iṣẹ́ pọ̀.

Ìṣòro wá ni pé Ìyá Rúkà kò sàn. Ó ń lo símẹ́tídìn rẹ̀, búlọ́ọ̀kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀. Síbẹ̀ ó ń rù. Lóṣooṣù tó bá gun ìwọ̀n, ọwọ́ ìwọ̀n á ti sún sẹ́yìn. Bùbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní èjìká. Bí mo bá bi í pé, "Màmá, ẹ jẹun ọ̀sán?" á ní, "Mo ti jẹ o." "Oúnjẹ alẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú?" "Mo jẹ ẹ́." Àgbà ni, ta ni mo jẹ́ tí n óò pè é nírọ́?

Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Sister, rírù yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kókó búburú lè ti hù sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n fi rọ́bà oníná yẹ inú rẹ̀ wò."

Ìyá Rúkà kọ̀ jálẹ̀. "Èmi ò ní gbé rọ́bà mì, wallahi. Bí ikú bá ni, kó wá bá mi lórí ẹní ìkírun mi." Àwọn ìbátan ọkọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó lè kú sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó gbọ́. Ó ní òun ò ní fi àìsàn wọ ìlú tí òun fi ẹwà jáde, àfi tí wọ́n bá di òun bí ẹrù.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti rí ikú rẹpẹtẹ nínú iṣẹ́ mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹni tó kú, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí obìnrin yìí bá kú, kò ní sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo Kumasi tó ń pè mí lọ́mọ. Ohun tí mo ń rò nìyẹn, ó sì ń tì mí lójú pé ara mi ni mo ń rò.

Ọjọ́rú kan, Dókítà rìnrìn àjò, a sì ti kílíníìkì lọ́sàn-án. Mo ní kí n ya ọ̀dọ̀ Ìyá Rúkà. Kò retí mi. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó ti wà lórí ẹní, ó ń kí ìrun Àyílà. Mo dúró síta kí n má baà dí i lọ́wọ́.

Ó tẹ̀, ó dìde. Ó foríkanlẹ̀. Bó ṣe gbé orí sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kúrò lórí ẹní, ó gbé búùtà omi rẹ̀, ó jáde sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ tó ń yọ omi lẹ́nu, tó ń fọ ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀. Ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ ìrun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún foríkanlẹ̀, ó tún fọwọ́ bo ẹnu, ó tún gbé búùtà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó ń fi ògiri rìn.

Mo wá wo orí tábìlì. Kókó àárọ̀ wà níbẹ̀ nínú abọ́, ó ti dì lójú. Kò fẹnu kàn án.

Nígbà tó parí, tó rí mi, ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Mo ní, "Màmá, ẹ ò jẹun àárọ̀."

"Mo ti jẹ."

"Kókó náà rèé."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bí mo bá jẹun lọ́sàn-án, á gòkè wá nígbà tí mo bá foríkanlẹ̀. Á dé ẹnu mi. Àlùwàlá mi á bàjẹ́, màá tún un ṣe, á tún bàjẹ́. Tí ikùn bá ṣófo, ó ń dín díẹ̀. Nítorí náà, mi ò jẹun mọ́ lójú ọ̀sán."

"Ìgbà wo lẹ wá ń jẹun?"

"Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Kò sí ìrun mọ́ nígbà náà títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Màá jẹ ẹ́ yó dáadáa."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà màá sùn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

Ẹ wò ó! Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, orí ló fi sọlẹ̀. Oúnjẹ odindi ọjọ́ kan ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń dùbúlẹ̀ lé e. Omi kíkan ń jó o ní gbogbo òru, ebi ń jó o ní gbogbo ọ̀sán. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń bá a bọ̀. Àti tábìlì gíga tí mo ní kó rà! Ọ̀rọ̀ ìrun ló ń sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní "bí mo bá bẹ̀rẹ̀", èmi ń dá a lóhùn nípa bọ́tìnnì.

Ìbínú tó yẹ kí n fi bínú sí ara mi ni mo tú lé e lórí. Mo ní, "Màmá, Ọlọ́run wo ló ní kí ẹ febi pa ara yín? Itọ́ kíkan lásán ni nǹkan yìí!"

Ó dìde. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀. "Itọ́ kíkan lásán? Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń kírun, mi ò pa ọ̀kan jẹ rí. Ṣé ìwọ Kìrìtẹ́nì ni o máa kọ́ mi ní ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́? Máa lọ ilé rẹ."

"Màmá, ẹ má bínú..."

"Mo ní kí o máa lọ."

Jímọ̀ méjì ni mi ò fi lọ sí Sawaba. Mo jókòó sí yàrá mi ní Santasi, mo ń gbọ́ bí onílé mi ṣe ń gún fùfú. Mo tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà rò. Mo ti bi obìnrin yìí nípa ìrọ̀rí rẹ̀, nípa ìró rẹ̀, nípa ìgbẹ́ rẹ̀ pàápàá. Mi ò bi í nípa ìrun rẹ̀ rí, ohun tó ń ṣe lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ọmọ díákónì ni mí. Wọ́n tọ́ wa pé kí a má tọwọ́ bọ ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn, kí ilé má baà dàrú, torí ìdílé tó ní Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ la ti jáde. Ìwà ọmọlúàbí yẹn ni mo gbé wọ iṣẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní Jímọ̀ kẹta, mo wé gèlè mi bo etí méjèèjì, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí tí àwọn Yorùbá ń lò ní àdúgbò náà. Àáfà wọn, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́, jáde sí mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, Kìrìtẹ́nì ni mí. Ọ̀rọ̀ aláìsàn ni mo bá wá." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ṣé òun ló ń fọwọ́ fà á jáde, àbí ó ń wá fúnra rẹ̀?"

"Fúnra rẹ̀ ni, sà. Àìsàn ni."

"Ní ìlànà tí àwa ń tẹ̀lé níhìn-ín, kò ba àlùwàlá jẹ́. Kó yọ omi sẹ́nu, kó máa bá ìrun rẹ̀ lọ. Bí fíforíkanlẹ̀ bá ń ni ín lára, kó jókòó lórí àga, kó máa fi orí tẹ̀ díẹ̀. Àánú wà fún aláìsàn." Ó wò mí. "Ta ló sọ fún un pé ó bà á jẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un, sà. Ojú ń tì í láti béèrè."

Ó mi orí. "Ìyá Rúkà ni, àbí? Mo ti ń rí i pé ó ń rù. Mo rò pé ààwẹ̀ àfikún ló ń gbà, mo tilẹ̀ ti yìn ín lójú gbogbo èèyàn." Ó wọ bàtà rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ."

Ìyá Rúkà rí wa tí a jọ ń bọ̀, ó sì fa ìborùn bo orí rẹ̀. Kò wo ojú mi. Àáfà jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un jẹ́jẹ́, ó fi Lárúbáwá kà díẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, Ìyá Rúkà ní, "Gbogbo èyí tí mo ti kí láti oṣù mẹ́jọ, ṣé wọ́n wọlé?"

"Wọ́n wọlé."

"Àti èyí tí mo kí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó, Ìyá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ó ní, "Ebi pa mí. Ẹ̀yin ò mọ bí ebi ṣe pa mí tó. Mo máa ń gbọ́ òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín lọ́jà, màá máa fi ìborùn bo imú." Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Kí lo dúró wò? Ṣé o ò mọ ibi tí ìkòkò wà ni?"

Mo se kókó fún un, mi ò fi atalẹ̀ sí i, mi ò fi ata sí i. Ó jẹ ẹ́ lójú ọ̀sán gangan, níwájú Àáfà, díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò dùn. Ó jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ náà, ìrun ni mo fi pín oúnjẹ rẹ̀. Kókó díẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Oúnjẹ gidi lẹ́yìn Àyílà. Díẹ̀ sí i kí ó tó di Mọ̀gàríbì, ó parí nìyẹn, kó sì jókòó sójú ìta pẹ̀lú àwọn aládùúgbò títí di lẹ́yìn Ìṣáì. Ẹni tí kò pa ìrun kan jẹ rí, ṣé ẹ rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á pa àkókò oúnjẹ jẹ? Nínú gbogbo àwọn tí mo tọ́jú ní Kumasi, kò sẹ́ni tó tẹ̀lé ìlànà tó o. Ó gba àga ìkírun. Ó fi obì sílẹ̀, èyí gba ẹkún díẹ̀. Oṣù kìíní, ìwọ̀n dúró sójú kan. Oṣù kejì, ó sún síwájú, ni mo bá hó yèè nínú kílíníìkì, àwọn aláìsàn sì rò pé eku ni. Nígbà tó di oṣù kẹrin, Dókítà yọ ọ̀rọ̀ kókó búburú kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Sister, o ṣeun paa." Mo rìn bí ọlọ́pàá lọ sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà.

Jímọ̀ kan, mo bá Ìyá Rúkà tó ń ka òwú àti bọ́tìnnì sínú àpò fún obìnrin mìíràn. Ó ní kí n jókòó. "Mo fẹ́ lọ sílé," ló wí.

"Ilé wo, Màmá?"

"Ilé wo ló tún wà? Ògbómọ̀ṣọ́. Ara mi ti yá. Mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀lú báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì wà láyé, mo fẹ́ rí i kó tó kú tàbí kí èmi tó kú."

Mo ní ó dára. Mo ní Ọlọ́run á mú un gúnlẹ̀ láyọ̀. Mo bá a di ẹrù, mo kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sínú ìwé, mo kọ àdírẹ́sì ìyá mi. Inú ń bí mi gan-an. Kí n sọ òtítọ́, ọjọ́ kan wà tí mo ronú pé ká ní mo ti fi í sílẹ̀ lórí ebi rẹ̀ ni, á ṣì wà ní Sawaba. Irú ìrònú wo nìyẹn? Nọ́ọ̀sì ni mí o. Ṣùgbọ́n mo rò ó, mi ò sì lè sọ pé mi ò rò ó.

Ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Rúkà wá láti Accra wá mú un. Ìyá Rúkà wò mí látòkè délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ń retí kó bú irun mi. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ gùn ju gbogbo ọjọ́ lọ. Mo bẹ̀ Dókítà pé kó jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ títí dalẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní mo fẹ́ràn iṣẹ́.

Lópin oṣù, mo lọ sídìí fóònù ní Asafo. Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbà á. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àlejò rẹ wà níbí. Àná ló wá kí mi, mo ní kó sùn. Ó jẹ iyán mi lọ́sàn-án yìí, ó ní iyọ̀ ò tó. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí bàbá àgbà rẹ ṣe máa ń lé wọn nídìí igi ọsàn." Ó tún ní, "Ó ní ìwọ lo wo òun sàn. Mi ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Gbà, ó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo gbọ́ tó ń mí. Ó ń pariwo bí gbogbo àwọn tí kò fẹ́ràn fóònù. "Nọ́ọ̀sì mi! Mo kírun ní pálọ̀ ìyá rẹ. Mi ò lo àga. Mo foríkanlẹ̀ gan-an, iwájú orí mi kan ilẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀, ọmọ mi. Mo dúró kó gòkè. Kò gòkè."

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ṣé ó ti gbọ́?" Mo gbọ́ tí Ìyá Rúkà ń dá a lóhùn pé, "Ó gbọ́, ó ń sunkún ni." Lẹ́yìn náà ìlà já. Mo ṣì gbé fóònù sí etí, mo ń sunkún bí ọmọdé nínú àpótí onígíláàsì yẹn, àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì ń wò mí.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó fóònù kúrò nídìí tábìlì rẹ̀, ó wá gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́. "Maame, due," ló wí. "Due, due." Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú nìyẹn. Mo wá Twi tí mo lè fi sọ fún un pé kò sẹ́ni tó kú, pé ara aláìsàn mi ti yá, pé ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá mi, pé àwọn méjèèjì jọ jẹun. Mi ò rí i. Mo nu ojú mi, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.